Ìyá Báńdéèjì àti Ìwé Ọlọ́jọ́ Márùn-ún

Ẹni tó bá fẹ́ rí Ìyá Báńdéèjì, kó má wulẹ̀ wá a lọ sídìí àga. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lóòótọ́, àga dúdú kan tó ń yí bírí sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì ló ti jókòó sórí àga náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Òun fúnra rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀: láti ọ́fíìsì sí yàrá ìtọ́jú, láti yàrá ìtọ́jú sí ẹ̀gbẹ́ pápá, láti ẹ̀gbẹ́ pápá padà sí kíláàsì, tépù funfun á wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì, máa ń sọ pé òun rò pé ìyàwó lòun ń gbé bọ̀ wálé, àṣé ìjì ni.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ti obìnrin yìí, méjèèjì ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń lé e fún yín ná.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, eré sísá niṣẹ́ ẹ̀. Á ti yí pápá po tán, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣì máa bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, níbi ìdíje àwọn ilé ìwé gíga, orúnkún rẹ̀ dún pọ̀, ó ṣubú. Nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí orúnkún. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó gbé wọn wá ló ní òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ó di ẹsẹ̀ náà mú, ó fà á, ó ní egungun ló yẹ̀, kó padà sí àyè ẹ̀. Ohun tó ya díẹ̀ bá ya tán pátápátá. Eré sísá parí síbẹ̀. Inú bí i lọ́jọ́ náà, inú náà ò sì tíì rọ̀ títí dòní olónìí. Ó ní ilé ìwé rí àsíá gbé wá, wọ́n rí ife ẹ̀yẹ gbé wá, wọ́n rí ẹni tí yóò máa fọn fèrè gbé wá, ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín orúnkún àti ilẹ̀kùn nìkan ni wọn ò rí gbé wá.

Ìbínú yẹn ló fi kàwé. Nígbà tó dé yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, yàrá kótópó kan lábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran ni wọ́n fún un, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kan, kúlà yìnyín kan, àti gílóòbù kan tó ń ṣẹ́jú. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń pààrà ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá kí wọ́n tó gbà pé ìtọ́jú eléré ìdárayá jẹ́ ìmọ̀ tó tó dá dúró. Wọ́n á ní, ṣé kéèyàn wé báńdéèjì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ náà la ó tún máa gba oyè ọ̀mọ̀wé lé lórí? Á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì gbà á, ó fi lélẹ̀ níwájú wọn, ó ní ẹ tún wí.

Nínú kíláàsì, kì í pariwo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó ní méjì méjì, wọ́n á máa wé tépù mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ara wọn láti àárọ̀. Á máa kọjá láàárín wọn. Tó bá rí ibi tí tépù ti wúnjọ, á dúró, á ní, “Tú u.” Ó tán. Ẹni náà á tú gbogbo rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgìgísẹ̀. Àwọn kan ti tú u lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn á fi ilé ìwé sílẹ̀, wọn ò lọ.

Láàárín gbogbo eléyìí ló bímọ kan ṣoṣo, obìnrin. Abẹ́ ìjókòó òǹwòran lọmọ náà ti kọ́ ìrìn, orí bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú ló ti ń sun oorun ọ̀sán, nígbà tó sì wọ yunifásítì, ó di balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin. Lẹ́yìn tó jáde, ó ṣe tíṣà díẹ̀, ó fi í sílẹ̀ torí pé kò lè gba ariwo ọmọdé sétí. Ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, bí gbogbo wọn ṣe gbà nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì ti pààrọ̀ gíláàsì fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Èyí tí Ìyá Báńdéèjì fúnra rẹ̀ ń lé ló wá kù. Ẹsẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí, orí ni. Bí eléré bá forí gbá ohun líle, ọpọlọ lè mì nínú agbárí. Kò ní ṣẹ̀jẹ̀, kò ní wú, ẹni náà á sì máa rìn kiri bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Bó bá wá padà sórí pápá kí ọpọlọ náà tó sàn, tí nǹkan tún gbá a, ó lè bá a kalẹ́. Báwo la ṣe máa mọ ẹni tó ti sàn? Ìyá Báńdéèjì ní kò le. Kí ọdún eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pe eléré kọ̀ọ̀kan wọlé nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí i létí, kó kà wọ́n padà fún yín. Ẹ ní kó ka orúkọ oṣù láti òpin ọdún wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó dìjú, kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ẹ máa ka iye ìgbà tó fẹ́ ṣubú. Ẹ fún un ní máàkì nínú àádọ́ta, kí ẹ tọ́jú ìwé náà. Ọjọ́ tó bá forí gbá nǹkan, ẹ máa dán an wò. Tí máàkì rẹ̀ bá ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, orí ti sàn nìyẹn.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń kó àwọn ìwé yìí jọ, eléré ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ó wá rí ohun kan tó mú inú rẹ̀ dùn. Ní ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá kí eléré tó padà sí máàkì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó já wálẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún, ó sì dúró síbẹ̀. Ó kọ ọ́ jáde pé ọ̀nà ìtọ́jú tí òun ń lò ló mú un já wálẹ̀, pé ọjọ́ márùn-ún ti tó. Ìwé Ọlọ́jọ́ Márùn-ún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Àwọn ilé ìwé mìíràn gbà á, wọ́n ń lò ó. Torí ìwé yìí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbìmọ̀ ti dá ọjọ́: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Oníbáńdéèjì abẹ́ ìjókòó òǹwòran máa di Ọ̀jọ̀gbọ́n! Oorun ò gbé e mọ́ láti ìgbà tí lẹ́tà náà ti dé.

Nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilé ìwé náà, gólíkípà kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní Rédíò. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó ṣe ń mú bọ́ọ̀lù ló ń ṣàlàyé eré fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í sì í gbàgbé nǹkan kan. Ó mọ àbájáde gbogbo ìdíje láti ọdún mẹ́ta wá, ó mọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó mọ ìṣẹ́jú tó wọlé. Bó o bá yá a ní bírò, o gbàgbé, òun ló máa rán ọ létí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ti ìgbìmọ̀, Rédíò fò lé bọ́ọ̀lù kan níbi ìdánrawò, ó fi ẹ̀bátí gbá òpó gólì. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n yẹ òpó náà wò bóyá ó ṣèṣe. Wọ́n mú un kúrò lórí pápá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ló pé ọjọ́ márùn-ún, Sátidé sì ni àṣekágbá ìdíje wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, Ìyá Báńdéèjì fúnra rẹ̀ ló dán an wò. Ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, Rédíò dá mẹ́rin padà. Ó ka oṣù, ó ṣi méjì. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó fẹ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá Báńdéèjì yẹ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wò: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó bá a mu wẹ́kú. Kóòṣì ẹgbẹ́ wọn, tó ti ń rìn wá rìn lọ lẹ́nu ọ̀nà, mí kanlẹ̀. Ìyá Báńdéèjì mú bírò láti fọwọ́ sí i.

Ohun tó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró, òun náà ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ojú ọmọ náà ni. Nígbà tí Rédíò ń wá ọ̀rọ̀ karùn-ún, òógùn bò ó níwájú orí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wo àjà bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù sínú ilé ara rẹ̀. Ṣé Rédíò tí gbogbo wa mọ̀ nìyí? Ìyá Báńdéèjì tún wo ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tí ara dá ṣáṣá náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló rántí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọmọ yìí dìde níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, tó pe orúkọ àwọn mẹ́rìndínláàádọ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo ìwé, tí gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́.

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ kóòṣì síta, ó bi ọmọ náà léèrè. Rédíò fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, ẹ̀rín náà kọ̀, kò wá. Ó bú sẹ́kún.

“Mà, nígbà yẹn mo mọ̀ wọ́n, mo kàn dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lónìí, mi ò mọ̀ wọ́n. Mo wá wọn títí, mi ò rí wọn.”

Ọ̀rọ̀ bá tú jáde. Wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: Fi-díẹ̀-pamọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á kọ́ ọ pé kó má ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀. Kó gbàgbé ọ̀rọ̀ díẹ̀, kó ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ọjọ́ tó bá wá forí gbá nǹkan, ibi tó máa padà sí ò ní jìnnà. Rédíò ní kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Ìyá Báńdéèjì bi í pé láti ìgbà wo. Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní ọdún méjìlá, Mà. Ó ní wọ́n ní ọmọ yín ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ìyá Báńdéèjì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Rédíò ò gbọdọ̀ sún mọ́ pápá. Kóòṣì bínú, ó ní máàkì pé, òfin tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ló pé, kí lẹ tún fẹ́? Ìyá Báńdéèjì ti ń lọ ní tiẹ̀.

Nílé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Bàbá náà ní kó gbé àwọn nọ́ńbà náà wá. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó fa ìlà sórí ìwé, ó ń to ọdún tẹ̀ lé ọdún, ìyàwó rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́yìn àga rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́wàá. Ọdún méjìlá, ọjọ́ márùn-ún. Ọdún tí ó já wálẹ̀ gan-an ni ọdún tí ọmọ wọn di balógun. Bàbá fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀.

“Nọ́ńbà ò parọ́ fún ẹ,” ó ní. “Ó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ìyìn lo gbọ́ níbẹ̀, torí ìyìn lò ń wá.”

Ó dùn ún pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún wá dùn ún ju bẹ́ẹ̀ lọ pé òótọ́ ni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó bá ọmọ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, níbi tó ti ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn ìwé, kọ́tìnnì bo fèrèsé. Kò gbé ọ̀rọ̀ yí po. Ó ní Rédíò ti sọ fún òun. Ọmọ náà fi gọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò jiyàn. Ó ní orí tábìlì ìjẹun nílé ni àwọn ìwé ìdánwò yẹn máa ń wà nígbà tí òun wà ní kékeré, òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní máàkì kí òun tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní lọ́dún tí òun jẹ́ balógun, òun àti ẹnì kan forí gbárí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá òun fọwọ́ sí ìwé, òun padà sórí pápá, bọ́ọ̀lù tún wá gbá òun lórí. Òun lọ bì lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, òun fọ ẹnu, òun padà wá gba ife ẹ̀yẹ.

“Mo wò ẹ́ lọ́jọ́ yẹn,” Ìyá Báńdéèjì ní. “Mo wò ẹ́ kí n tó fọwọ́ sí i.”

“Ẹ ò wò mí, Màámi. Ìwé lẹ wò.”

Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ọmọ náà ní òun fẹ́ sọ, nígbà tí òun rí i pé orí fífọ́ náà ò lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni ìwé jáde, tí wọ́n ń pe ìyá òun síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ó ń wọlé tó ń kọrin. Òun ní ta lòun tí òun á wá ba ti màmá òun jẹ́. Dókítà ojú nìkan ni ìyá òun sì ń mú òun lọ bá, òun bá ń wọ gíláàsì.

Ìyá Báńdéèjì sunkún lórí ìdúró, láàárín àwọn ìwé. Ọmọ rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, pé ariwo ẹkún náà ń wọ òun lórí.

Lọ́sàn-án, ó wọlé tọ ọ̀gá ẹ̀ka lọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í fẹ́ wàhálà. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó ní ṣé ó ti sọ fún ẹlòmíràn. Ó ní kó gbé e mì fún ọjọ́ kan péré. Tó bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́la, kó wá kọ ìwé tuntun lọ́dún tó ń bọ̀ tó máa tún ti àtijọ́ ṣe, torí ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń wúwo ju ti olùkọ́ lásán lọ. Ẹ má bínú o, ìmọ̀ràn náà ò burú tán. Ìyá Báńdéèjì rò ó. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó rò ó gan-an. Ó yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́rin pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó ń rò ó. Ó fẹ́ ipò náà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwé tó ń lo ìwé rẹ̀ ò ní dúró di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ibi mélòó ni wọ́n á ti ka ọjọ́ márùn-ún, tí wọ́n á ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa lọ gbá bọ́ọ̀lù?

Ní Ọjọ́bọ̀, èèyàn márùn-ún ló wà nídìí tábìlì gígùn kan. Alága wọn jẹ́ bàbá kan tí Ìyá Báńdéèjì ti bá tọ́jú orúnkún rí, inú rẹ̀ sì dùn láti rí i. Wọ́n ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun dúró. Ó gbé ìwé tí ọkọ rẹ̀ fa ìlà sí síwájú wọn, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pe méjì. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé ìwé tó ń lo Ìwé Ọlọ́jọ́ Márùn-ún láàárọ̀ yìí pé kí wọ́n yéé lò ó. Ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò. Alága yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Àánú obìnrin náà ṣe é, ó sì hàn pé ó ń wá ọ̀nà tó máa fi yọ ọ́. Ó ní ó lè jẹ́ pé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ.

“Nínú àwọn tí ẹ fọwọ́ sí yẹn, mélòó lẹ mọ̀ tí nǹkan ṣe?”

“Ọ̀kan, sà. Ọmọ mi ni. Àwọn tó kù, mi ò bi wọ́n léèrè rí.”

Ìyá Báńdéèjì kí wọn, ó jáde.

Kò lọ sílé. Ó gba yàrá ìtọ́jú lọ, ó kó fáìlì ọdún méjìlá náà jáde, àádọ́wàá orúkọ, nọ́ńbà fóònù sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nọ́ńbà kìíní ò lọ mọ́. Ìkejì dún títí, obìnrin kan gbé e, ariwo ọmọdé ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà dá ohùn rẹ̀ mọ̀ kíá, ó ń kí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Báńdéèjì bi í nípa ilé, ó bi í nípa àwọn ọmọ, ó wá bi í bóyá orí máa ń fọ́ ọ.

Obìnrin náà ní kí àwọn ọmọ bọ́ síta. Ilẹ̀kùn dún.

“Mà,” ó ní, “ta ló sọ fún yín?”